Ọwọ́ Tó Di Egbò Oníbàtà

Wọ́ọ̀dù Obìnrin, ibùsùn kẹjọ
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ò tíì pa á? Èmi ṣì wà láyé, àwọn tó ń tọ́jú mi níbí kọ́ ló sì yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Má fò sókè. Mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, egungun ìbàdí mi ọ̀tún sì kán. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ti fi irin sí i. Fóònù àti gíláàsì ìkàwé mi wà lápò nígbà tí mo ṣubú, orí wọn ni mo sì jókòó lé. Fi gíláàsì mìíràn ránṣẹ́. Má fi fóònù ránṣẹ́. Bí mo bá ń bá ọ wí lórí fóònù, o máa ń ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wàá kà á dópin.

Ilé ìwòsàn tèmi náà ni wọ́n gbé mi wá, wọ́ọ̀dù tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo sì fi mọ́kànlá ìgbẹ̀yìn jẹ́ olórí. Nígbà tèmi, eṣinṣin gan-an á tọrọ àyè kó tó wọlé. Ní báyìí, ibùdókọ̀ sàn jù ú lọ. Ibùsùn mẹ́rìnlá, síńkì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ń pọ omi ẹlẹ́gbin sókè láti inú ihò rẹ̀ bó ṣe ń ṣe látijọ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo rí ọṣẹ níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Dókítà kan sì wà tó ń kọ abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó lágbára jù lọ fún gbogbo wa, ẹni tó nílò rẹ̀ àti ẹni tí kò nílò rẹ̀, bí ẹni ń pín ìwé ìpolówó.

Ọmọbìnrin kan ló ń bójú tó wa láàárọ̀. Ọmọ Àná ni mo sọ ọ́. Bó bá fẹ́ di egbò, á fọwọ́, á wọ ìbọ̀wọ́, á tú u, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á tún fọwọ́, á tún wọ òmíràn. Kó tó parí, ara aláìsàn á ti yá fúnra rẹ̀. Mo bi í pé: "Ṣé egbò lo fẹ́ dì ni, àbí ìyàwó lo fẹ́ gbé?" Ó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ta ló bẹ̀ ẹ́ ní pẹ̀lẹ́? Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Obìnrin kan tó ń ta bàtà àlòkù ló wà ní ibùsùn keje lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà, ó sì ní egbò kan ní gìgísẹ̀ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Oníbàtà tí kò lè wọ bàtà! Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó sì ń pè mí ní "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi." Ọ̀rẹ́ ta ni? Gíláàsì rẹ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé iṣẹ́ ìgbẹ́ yẹn lo ṣì ń ṣe? Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní o wà nílé ìwòsàn, màá sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Mi ò lè máa sọ fáyé pé ọmọ tí mo rán ní yunifásítì ń fi òwú nu ìdí àwọn àgbàlagbà.

Inú mi ń dàrú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti lo kápúsù apakòkòrò tí mo kó wá láti ilé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ìrora, mà. Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ tíì bọ́ kóòtù. Ìgbà mọ́kànlá ni mo ti pe nọ́mbà wọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọkọ mi kí yín. Gíláàsì méjì ló wà nínú páálí yìí, kí ẹ lè jókòó lé ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ọmọ tó ń fọwọ́. Bí gbogbo nọ́ọ̀sì ibí bá rí bíi tirẹ̀ ni, mi ò bá ti máa sinmi.

Ní ti iṣẹ́ ìgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí wọ́n bá gbà sílé ìwòsàn wa, a ó mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, a ó gbìn ín sínú àwo, a ó wá wo kòkòrò tó hù níbẹ̀ tí oògùn ò rí pa. Ara onítọ̀hún lè le koko. Inú ìfun ni àwọn kòkòrò yìí ń gbé, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tíntìntín kan wà nínú ara wọn, jíìnì là ń pè é, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ba oògùn jẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé wọn kì í fi mọ sí àárín ọmọ tí wọ́n bí. Wọ́n ń dà á kọ fún àjèjì. Kòkòrò tó jókòó jẹ́ẹ́ tiẹ̀ lè fi ẹ̀dà rẹ̀ lé kòkòrò burúkú tó ń kọjá lọ lọ́wọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìdáhùn ìdánwò ránṣẹ́ sẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo kíláàsì ti yege. Oògùn ló fìdí rẹmi.

Kápúsù tí ẹ ń gbé mì sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò mọ ìdáhùn ló ń pa, ó sì ń gba àyè sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ kó o dànù. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ yín wò. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ bí ẹ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Bí ọṣẹ ò bá sí, ẹ pariwo. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Gíláàsì dé. Ẹ ṣeun. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kòkòrò ti ń lọ sílé ìwé báyìí? Wọ́n ń jí ìdánwò wò? Ẹni tó kọ́ ọ ní ìtàn yẹn gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa.

Ọmọbìnrin kan ti láàbù wá pẹ̀lú agolo pẹnpẹ, ó ní òun fẹ́ ìgbẹ́ mi. Mo ní kó lọ tọrọ ti ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ orí mi kọjá ẹni tí wọ́n ń bá tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ gidi ṣe rí fún ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, báńdéèjì Oníbàtà ti rin gbingbin, Ọmọ Àná sì wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn níbi tó ti ń fọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó jẹbi. Mo fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin mi rìn dé síńkì, mo ṣan ọwọ́, mo lọ bá a. Mo tú u, mo wẹ egbò náà, mo dì í. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìbọ̀wọ́ kẹ̀? Ọwọ́ tí mo fi tọ́jú ìdajì ìlú yìí, kí n wá fi rọ́bà bò ó nítorí oníbàtà? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dì í lárààárọ̀, kí Ọmọ Àná tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oníbàtà ní: "Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, ọwọ́ yín tutù, kì í dùn mí bí ẹ bá dì í." Mo ní kó pa ẹnu dé, kó na ẹsẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta ni ibà ti dá Oníbàtà dúbúlẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibà ò lọ. Ìwà ọ̀lẹ Ọmọ Àná ló fa gbogbo ẹ̀. Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́ta sí ọ̀gá àgbà pé òun ló jẹ́ kí egbò náà bàjẹ́. Wọ́n ṣì mọ orúkọ mi lókè níbẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, kúẹ́rì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi, ó wò mí, ó wò mí, ó lọ. Adìẹ funfun tí kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ sí mi mọ́. Sọ fún mi bóyá o ti lóyún.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Màmá,

Ẹ kú ojúmọ́. Ẹ má fọwọ́ kan egbò ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má sì rẹ́rìn-ín.

Síńkì tó ń pọ omi ẹlẹ́gbin sókè ni ẹ fi ṣan ọwọ́. Ẹ ò fi ọṣẹ sí i. Ẹ ò wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ wá wẹ egbò alátọ̀gbẹ tí kòkòrò ń wá ibi tó máa gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lárààárọ̀! Ẹ tún wá kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ẹni tó ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọwọ́ yín mọ́ ju ti gbogbo ayé lọ. Kòkòrò ò ka ìwé ẹ̀rí, mà. Mo sì rántí ìgò kápúsù tó wà lórí fíríìjì wa. Inú ń run yín, méjì. Ọ̀fun ń yún yín, méjì. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò, méjì, nítorí kí àìsàn má bàa dé. Ogójì ọdún lẹ ti ń fi oògùn kọ́ kòkòrò lẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé ìwé bá wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, inú ìfun yín ni ọ̀gá ilé ìwé ń gbé.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀ nìyí. Mo ti sọ ọ́ ná. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀sùn yẹn padà. Ẹ fún ọmọbìnrin láàbù ní ohun tó bá tọrọ.

Mi ò tíì lóyún.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo ń yẹ àpótí lẹ́tà wò bí mo bá ń jáde, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bí mo bá dé. Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bú mi, mo ti jókòó. Ṣùgbọ́n Oníbàtà ńkọ́? Ìlà kan péré náà tó.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa? Èmi wà.

Oníbàtà kú lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n ń gbé oúnjẹ kiri. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ràn án mọ́. Ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ pé wọ́ọ̀dù yẹn lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni láàbù ti bò wá bí eṣú. Gbogbo wa la fún wọn ní ìgbẹ́. Nínú àwa mẹ́rìnlá, àwọn mẹ́ta ni wọ́n bá kòkòrò tí oògùn ò rí pa lára wọn: Oníbàtà, nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà kó tó kú, ẹni tó wà ní ibùsùn kọkànlá, àti èmi. Mo ní wọ́n ti pààrọ̀ ìgò. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Wọn ò pààrọ̀ ìgò.

Mo ti wà nílé báyìí. Mo da èsì náà kọ sí ìwé tó wà nínú àpòòwé yìí. Wo ó dáadáa, ìwọ tó o mọ ìgbẹ́ ju ẹni tó yà á lọ. Orúkọ kòkòrò tó wà nínú ìfun mi yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Oníbàtà. Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Èmi ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Kọ ọ́ sórí ìwé ilé iṣẹ́ yín pé èmi ò sí níbẹ̀, kí o sì yára. Wọ́n ti ní kí Ọmọ Àná lọ jókòó sílé láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn á sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti ní kí n wá jẹ́rìí.

Nípa ohun tó o kọ sí mi lóṣù tó kọjá: mo kà á.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtilọ sílé, ẹ sì kú ọ̀fọ̀ Oníbàtà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe àbúrò yín. Mo kí yín ṣá.

Èmi àti ọ̀gá mi jọ jókòó ka èsì náà. Òótọ́ ni, orúkọ kòkòrò méjèèjì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà kẹsàn-án. Jíìnì kan náà ló wà nínú tiyín àti tirẹ̀, àti nínú ti ibùsùn kọkànlá. Ohun tí mo ń ṣàlàyé fún yín lóṣù kejì nìyẹn: ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un kì í ṣe ẹbí, ìdáhùn kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò lè kọ ìwé tí ẹ ní kí n kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibi tó kù pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó lè wo ìwé yìí kó sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ti bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti bọ́ sọ́dọ̀ yín, nígbà tí ẹ ń tú báńdéèjì rẹ̀. Ó lè jẹ́ ihò síńkì yẹn ló pín in fún gbogbo yín. Mi ò lè sọ pé ẹ̀yin lẹ pa á. Mi ò sì lè sọ pé ẹ̀yin kọ́.

Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ò sí nínú ìwé láàbù. Ọwọ́ Ọmọ Àná kọ́ ló ń di egbò yẹn láàárọ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nínú ìwé ẹ̀sùn yín.

Mo tọrọ àforíjì fún bí mo ṣe sọ̀rọ̀ sí yín. Ohun tí mo sọ, irọ́ kọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo lérò pé ara yín le. Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Jókòó.

Àwọn mẹ́fà ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì ti to omi inú ìgò síwájú bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Dókítà tó jẹ́ alága, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó dìde, ó ní: "Ìyá wa!" Wọ́n fún mi ní àga tó ní tìmùtìmù. Àga onígi ni wọ́n fún Ọmọ Àná, ní igun. Ọmọbìnrin Oníbàtà jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ìgbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀.

Mo ní: "Ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́. Ọmọ yìí kọ́ ló ń di egbò yẹn láàárọ̀, èmi ni. Mi ò fi ọṣẹ fọwọ́, mi ò wọ ìbọ̀wọ́."

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Ìyá wa, ọjọ́ ogbó. Ẹ lè má rántí dáadáa."

Mo ní: "Mo rántí ọjọ́ tí o dákú nígbà tí o kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Kọ ohun tí mo sọ."

Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí olè. Ó ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Orúkọ mi ni orúkọ ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ṣì kéré, á ríṣẹ́ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ọmọ mi, mo ti rí kòkòrò láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó wọ táì. Mo kọjú sí akọ̀wé wọn. Bírò ń bẹ lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní: "Ṣé kò ní yíǹkì ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kápúsù. Mo sọ ti síńkì. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù yẹn, ìṣojú mi ni síńkì náà ti ń pọ ẹ̀gbin sókè, tí mo ń ju àkísà sí i lẹ́sẹ̀, tí mo ń kọjá lọ. Mo kọ ẹ̀sùn ojú ewé mẹ́ta lórí ọmọ tó ń fọwọ́. Mi ò kọ ìlà kan rí lórí síńkì tí kò ṣeé fọwọ́ níbẹ̀. Gbogbo èébú tí mo ti bú èèyàn láyé yìí, mi ò mọ èyí tó tó ti ara mi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo parí, ọmọ Oníbàtà béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní: "Ṣé ó ń dun màmá mi bí ẹ bá ń dì í?" Mo ní ó sọ pé kò dun òun. Ó mi orí. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí tàbí kò dárí jì mí, mi ò sì sáré tẹ̀ lé e lọ béèrè.

Wọ́n ti ní kí Ọmọ Àná padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ti rán ẹni méjì wá bá mi pé mo dójú ti àwọn. Mo fún wọn ní omi mu, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n tó mu ún tán. Mo ti da ìgò orí fíríìjì nù. Láàbù ní ohun tó wà nínú mi lè pẹ́ kó tó lọ, ó sì lè má lọ.

Mo bá Ọmọ Àná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó náà. Mo fi ọ̀pá mi dí i lọ́nà, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní: "Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Ó wò mí. Ó ní: "Màmá, ẹ̀yin lẹ wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, ní ọdún àkọ́kọ́ wa nílé ìwé nọ́ọ̀sì. Iwájú ni mo jókòó sí." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá mi kọjá, ó lọ.

Mi ò rántí ojú rẹ̀ rárá. Mo sì wá ohun tí mo lè bú nínú ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn títí mo fi délé. Mi ò rí i.

Ìyá rẹ